Ilé alámọ̀ àtijọ́: ṣé amọ̀ ni ká fi rẹ́ ẹ ni àbí sìmẹ́ǹtì?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ẹbí tó ní ilé bàbá ńlá ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́.

Sìmẹ́ǹtì wọ́n, amọ̀ kò gba owó púpọ̀, àmọ́ ó gba agbára. A ó fi omi àti koríko gígé pò ó, a ó bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ká tó fi rẹ́lé. Lẹ́yìn ìgbà òjò, ẹ óò tún un rẹ́.

Ewu sìmẹ́ǹtì ló yẹ ká wò dáadáa. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì fà á gbẹ. Sìmẹ́ǹtì á dí ojú rẹ̀, omi á há sínú, amọ̀ á rọ̀. Ẹ kan ògiri náà: bó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti ṣí kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Ó dunni pé àtúnṣe ló ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀.

Bí ògiri bá ṣì le, tí ẹnì kan sì ń gbébẹ̀ tí á máa tọ́jú rẹ̀, amọ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dí páànù tó ń jò. Sìmẹ́ǹtì yẹ yàrá tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ kún un. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ bá ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹ gbàwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.