Másítà nínú ìṣàkóso òṣìṣẹ́ tàbí ìwé-ẹ̀rí CIPM: èwo ni kí ará Èkìtì náwó lé?

Tí fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ oyè kejì bá ti jáde ní Adó, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn máa ń kó wá bá mi: ṣé kí àwọn lọ ṣe Másítà nínú ìṣàkóso òṣìṣẹ́, àbí kí àwọn jókòó ti ìdánwò CIPM, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn tó ń ṣe ìṣàkóso òṣìṣẹ́ ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ní Nàìjíríà? Mo ti ṣe méjèèjì. Mo gba Másítà ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, lẹ́yìn náà ni mo wọ CIPM. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kọ́ọ̀sì àti àwọn ìwé tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti MBA, torí ẹnìkan á béèrè. MBA tó ní ẹ̀ka ìṣàkóso òṣìṣẹ́ nínú dára fún ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tó lè máa lọ kíláàsì ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìbàdàn náà ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MILR, tó dá lé àjọṣe òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Bí ọkàn yín bá ń fà sí PhD ṣá o, MSc ni kẹ́ẹ dojú kọ. Mo kúrò níbẹ̀.

Owó àti ìwọlé

Owó tí ẹ máa kọ́kọ́ san fún CIPM kéré sí ti Másítà, àmọ́ CIPM kì í tán: ẹ máa san owó ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n sì máa fẹ́ kí ẹ máa wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ẹni tó ní HND, PGD ni ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ní kó kọ́kọ́ lọ gbà kó tó lè ṣe MSc. CIPM máa gba HND náà bó ṣe wà. Ẹ béèrè bóyá ìwé-ẹ̀rí tẹ́ẹ ní á yọ yín nínú àwọn ìwé ìdánwò kan kẹ́ẹ tó san kọ́bọ̀. Ní ti Másítà, ẹ ti máa lé transcript yín kiri kí fọ́ọ̀mù tó jáde.

Ọjọ́ tí ẹ máa parí

Ibí ni owó ti ń sọnù, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Lórí ìwé, Másítà ò ju ọdún kan àbọ̀ sí méjì lọ. Kíláàsì kì í sì í pẹ́ parí. N kò ráhùn nípa kíláàsì. Iṣẹ́ ìwádìí ni ọ̀rọ̀ ti ń yíwọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá ti parí ìdánwò kọ́ọ̀sì, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo lẹ bọ́ sí, ìyẹn súpáfáísọ̀ yín. Òun ló máa fọwọ́ sí àkòrí, òun ló máa ka orí kìíní dé ìkẹta kẹ́ẹ tó lè jáde lọ pín ìwé ìbéèrè, òun náà ló máa ka ìyókù kí wọ́n tó pe olùdánwò láti ìta. Bó bá ka ohun tẹ́ẹ fún un láàárín oṣù kan, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá kà á, ta lẹ máa fẹjọ́ sùn? Àwọn tó yẹ kẹ́ẹ fẹjọ́ sùn wà lára àwọn tó máa jókòó lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá ń gbèjà iṣẹ́ yín.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún mi gba ìsinmi ọlọ́dún kan, ó kọjá sókè òkun, orí mẹ́ta tí mo tẹ̀ sórí pépà fún un sì wà nínú ọ́fíìsì tó tì pa. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní àkòrí náà ò tẹ́ òun lọ́rùn, ká tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wá rí ọ̀nà gbé ìwé ìbéèrè dé ìjọba ìbílẹ̀ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ò gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n rí "ọdún mélòó lẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́?" àti "lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo lẹ wà?", wọ́n ní àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ ayédèrú ló tún dé, pé ìjọba ló rán mi wá. Bàbá kan ní kí n lọ sọ fún ẹni tó rán mi pé òun ò tíì kú. (Ẹ̀yin tẹ́ẹ bá fẹ́ ṣe ìwádìí láàárín òṣìṣẹ́ ìjọba níbí, ẹ má fi ìbéèrè lẹ́fẹ́ẹ̀lì ṣáájú. Ìparí ìwé ni kẹ́ẹ fi sí.)

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Ohun tó dùn mí ni pé bí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá ti wọlé, owó ilé-ẹ̀kọ́ tún dé. N kò ní kíláàsì, n kò jókòó lórí àga wọn, tábìlì ẹlòmíràn ni iṣẹ́ mi wà, síbẹ̀ bí n kò bá san án, wọn ò ní ka orúkọ mi mọ́ àwọn tó máa gbèjà. Owó tí mo fi dúró de ìbuwọ́lù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́. Tẹ́ẹ bá ń ṣírò, ẹ fi owó ọdún kan lé iye tí wọ́n kọ sójú ìwé, kẹ́ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀.

A ò tíì sọ ti ìyanṣẹ́lódì. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ilé-ẹ̀kọ́ pa láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Yunifásítì aládàáni bíi ABUAD lójú ọ̀nà Ìjan kì í bá wọn lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n owó yunifásítì aládàáni kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń gba owó oṣù olùkọ́ máa fi ẹnu lásán dá lé. NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn lè jókòó sílé kẹ́kọ̀ọ́, wà fún ẹni tí kò lè máa lọ jókòó ní kíláàsì. Iṣẹ́ ìwádìí ń bẹ nínú tiwọn náà.

Ní ti CIPM, ìdánwò ni wọ́n fi ń díwọ̀n yín, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ kàwé, ẹ wọlé, ẹ kọ ọ́, èsì á jáde. Tẹ́ẹ bá fìdí rẹmi nínú ìwé kan, ẹ máa tún un kọ ní ìjókòó tó tẹ̀lé e, ẹ sì mọ ẹni tẹ́ẹ máa bá wí.

Ohun tí ẹ máa lè ṣe lẹ́yìn rẹ̀

Másítà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ wò, àti bí mo ṣe lè bá àwọn onímọ̀ bíi Taylor, Mayo àti Maslow jiyàn lórí ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé-epo kan fẹ́ lé awakọ̀ tó ti bá a ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ Ẹtì, pé kó má wá mọ́ lọ́jọ́ Ajé, ìwé tí mo kà fún CIPM ni mo ṣí. Òfin Iṣẹ́ ní kí wọ́n fún ẹni tó ti lo ọdún méjì sí márùn-ún ní ìwé ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba ti oṣù kan. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014 ń kọ́? Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, ìdá mẹ́wàá láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́. Irú èyí ni wọ́n máa ń bi èèyàn lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí nípa Maslow.

Ta ló máa gbà yín síṣẹ́?

Ní Èkìtì, ìjọba ni agbanisíṣẹ́ tó pọ̀ jù. Àwọn bánkì wà ní Adó, Èkó ni ọ́fíìsì HR wọn, ìyẹn ti ìṣàkóso òṣìṣẹ́, wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni, ẹni tó ni ilé-ìwé ni HR. Lọ́dọ̀ ìjọba, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò kí ìgbéga tó kàn láti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7 dé 14, mẹ́rin láti 15 lọ. Kò sí èyí nínú méjèèjì tó máa sọ mẹ́ta di méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ ní yunifásítì bíi EKSU tàbí FUOYE, kò sí ọ̀rọ̀ CIPM fún un: MSc, lẹ́yìn náà PhD. Bákan náà ni ẹni tó ń wo òkè òkun, Másítà ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé tún wà ńbẹ̀. Ìlú tí àgbàlagbà kan ti lè ka iye ọ̀jọ̀gbọ́n àdúgbò rẹ̀ fún yín kó tó béèrè orúkọ yín, ẹ ò lè délé kẹ́ẹ ní ẹ ti di ACIPM, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ CIPM, kí màmá yín dìde jó. Másítà ló yé wọn. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ìdí yìí nìkan ni wọ́n fi ṣe é, n kò sì bú wọn.

Èwo ni kẹ́ẹ mú?

Méjèèjì ló wúlò. Ẹni tó fẹ́ wà ní yunifásítì, tàbí tó ní ẹni tó máa bá a san owó, kó lọ ṣe Másítà. Ìyókù wa, tí a ní ọmọ nílé, tí owó oṣù sì ti ní ibi tó ń lọ kó tó wọlé, ẹ gba CIPM ná, kẹ́ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Ó ní òfin 58 ti ọdún 1992 lẹ́yìn, ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ kì í sì í rin ìrìn-àjò. Másítà ò ní sá lọ.

Tó bá sì jẹ́ pé Másítà lọkàn yín ṣì ń fẹ́, ẹ wá àwọn tó wọ ẹ̀ka yẹn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kàn kẹ́ẹ tó san owó ìgbàwọlé. Ẹ má bi wọ́n bí kíláàsì ṣe rí. Ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú wọn ló ti gbèjà, àti lábẹ́ súpáfáísọ̀ wo. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n bá dá sílẹ̀, ẹ fúnra yín lọ bá onítọ̀hún kí wọ́n tó pín yín, torí bí wọ́n bá ti lẹ ìwé mọ́ pátákó ẹ̀ka, àtiyí i padà le.