Iná SBEE, Transformateur tàbí Oòrùn: Èwo Ló Yẹ Adágún Ẹja Inú Ọgbà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra pọ́ǹpù àti iná fún adágún ẹja inú ọgbà rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye owó. Ní tèmi, ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni ibi tí iná 220 V ti SBEE, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ilẹ̀ Benin, yóò parí sí: ṣé inú ilé ni, àbí inú omi tí àwọn ọmọ ń ti ọwọ́ bọ̀? Ọ̀nà mẹ́ta tí ó wà lọ́jà kò dáhùn ìbéèrè yìí bákan náà.

Pọ́ǹpù 220 V tí a ń rì sínú omi ni ó lágbára jù, jíjìn adágún sílé kì í sì í ṣe ìṣòro fún un, nítorí pé pọ́ǹpù 50 W kò fà ju bí 0.23 A lọ, iná kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọnù nínú wáyà. Àmọ́ gbogbo ewu iná ló bá wáyà rẹ̀ wọnú omi. Bí rọ́bà ara wáyà bá là, disjoncteur différentiel 30 mA, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń já iná fúnra rẹ̀, ni ìrètí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi, nítorí pé ó ń fi iná tí ó jáde wé èyí tí ó padà, bí iye méjèèjì kò bá sì dọ́gba, ó ń já iná kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé ìdajì. Ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èyí tí a kọ 300 mA tàbí 500 mA sí wà láti dènà iná tí ń jólé, kì í ṣe láti gba ẹ̀mí ènìyàn là. Ó tún yẹ kí ilé ní piquet de terre, irin tí a gún mọ́lẹ̀ kí iná tí ń jò lè gba ibẹ̀ lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọ̀rá ni a fi tẹ́ adágún, kí ó má baà jẹ́ pé ara ènìyàn ni iná tí ń jò yóò kọ́kọ́ rí gbà kọjá sínú ilẹ̀. Wáyà U-1000 R2V nínú gaine (ọ̀pá rọ́bà) pupa ni kí a rì mọ́lẹ̀ ní 50 cm, tàbí 85 cm níbi tí ọkọ̀ ń gbà, kí a sì tẹ́ grillage pupa (àwọ̀n ìkìlọ̀) sókè rẹ̀, kí ẹni tí ń fi ọkọ́ ro ọgbà lè rí i kí ó tó bá wáyà.

Èyí tí èmi yóò yàn fún ilé tí ọmọdé wà ni transformateur tí ń sọ 220 V di 12 V tàbí 24 V. Inú ilé ni yóò dúró sí, iná kékeré nìkan ni yóò sì dé etí omi. Ẹ bèèrè fún transformateur de sécurité, tí ó ní nọ́ńbà 61558-2-6 lára, nítorí pé nínú àwọn kan tí ó pọ́ọ́kú, kò sí ohun gidi tí ó ya iná ilé sọ́tọ̀ kúrò lára iná adágún. Àléébù rẹ̀ ni pé iná kékeré máa ń dín kù lójú ọ̀nà. Bí adágún bá jìnnà sílé ní mítà 20, tí pọ́ǹpù 50 W ń lo 12 V, nínú wáyà 1.5 mm² bí 2 V ti sọnù kí ó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lo 24 V àti wáyà 2.5 mm², ohun tí ń sọnù kò ju 0.6 V lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí adágún rẹ̀ kò sí nítòsí fi 12 V sílẹ̀.

Pọ́ǹpù oòrùn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú SBEE, bí iná bá lọ, kò kàn án. Ewu pé iná yóò gbé ènìyàn kò sí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ fi fusible (fíúsì) sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, nítorí pé bátìrì tí wáyà rẹ̀ bá kan ara wọn lè dáná. Àléébù rẹ̀ mìíràn ni pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni atẹ́gùn inú omi máa ń dín kù jù, èyí tí kò ní bátìrì sì ń sùn ní wákàtí yẹn gan-an. Ẹja àrọ̀ lè fara dà á, nítorí pé òun máa ń yọrí síta mí. Epìyà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́ pẹ̀lú, ẹ máa nu eruku ojú páńẹ́lì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ wá IP68 (àmì pé omi kò lè wọ inú rẹ̀ bí a bá rì í) àti iye jíjìn omi tí a kọ sí i lára pọ́ǹpù, kí wáyà tí ó bá a wá láti ilé iṣẹ́ sì gùn tó láti jáde kúrò nínú omi, kí a lè so ó pọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.