Tribune àbí Guardian: èwo ni kí n máa rà?

Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò máa ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí ní Lágere n'Ífẹ̀, níbi táa ti ń dúró ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀. Ẹ gbọ́, Tribune ló dàgbà jù, Awólọ́wọ̀ ló dá a sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1949, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ oyè o, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ o, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ máa ń wò ó. Òyìnbó ẹ̀ ò le. Àmọ́ olóṣèlú ló dá a sílẹ̀, tẹ́ẹ bá ń ka ìròyìn òṣèlú inú Tribune àtijọ́, ẹ fìyẹn sọ́kàn.

Guardian ní tiẹ̀, 1983 ni Alex Ibru dá a sílẹ̀ l'Ékòó. Òyìnbó ibẹ̀ ki, àpilẹ̀kọ wọn gùn, nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, "Mr." lásán ni wọ́n máa ń pe èèyàn, bó ti wù kí oyè ẹ̀ pọ̀ tó. Lọ́dún 1984 ìjọba ológun fi Decree 4, òfin tó de àwọn akọ̀ròyìn pé wọn ò gbọdọ̀ kọ ohun tó lè dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ju akọ̀ròyìn wọn méjì sẹ́wọ̀n, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an.

Tó bá jẹ́ ìròyìn ilé lẹ̀ ń wá, ẹ ra Tribune. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ, Guardian ni. Tówó ò bá tó méjì, kí ìwọ àtọ̀rẹ́ ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ pààrọ̀ ẹ̀ tó bá dọ̀sán.