Pépà àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ ti WHO: mo ti lò ó pẹ́, ohun tí mo rí nìyí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo pépà yìí. Ojú ewé kan péré ni, ìbéèrè 19 ló wà nínú ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2008 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa dúró kà á sókè: kẹ́ ẹ tó fún aláìsàn lóògùn akunnilóorun, kí ọ̀bẹ tó kàn án lára, àti kó tó kúrò ní tíátà.

Ìgbà kejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni kálukú ti máa sọ orúkọ ẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i mo ní kí lèyí tún wà fún, ṣebí a mọ ara wa, àṣé ẹni tó bá ti sọ orúkọ ẹ̀ níwájú ọ̀gá, ẹnu ẹ̀ ti là nìyẹn, tó bá rí nǹkan tí ò dáa kò ní gbé e mì. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa ló sọ lọ́jọ́ kan pé òun ò rí i kí wọ́n fún aláìsàn ní àntíbáyọ́tíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, o, bẹ́ẹ̀ pépà yẹn ní kó ti wọlé láàárín 60 ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gé awọ ara. Gbogbo wa dúró, wọ́n fún un, ká tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń dá nìkan jókòó mákì ẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n mákì tán láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí aláìsàn ṣì wà ní wọ́ọ̀dù! Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ìlú mẹ́jọ ni, láti Toronto títí dé Ifakara ní Tanzania, èsì ẹ̀ jáde ní 2009, àwọn tó ń kú dín láti 1.5 nínú 100 sí 0.8. Àmọ́ ní 2014 wọ́n wo ilé ìwòsàn 101 ní Ontario ní Kánádà, ikú ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, làwọn kan bá ní pépà yìí ò ṣiṣẹ́. Èmi ò gbà. Ilé ìwòsàn fúnra wọn ló ń ròyìn níbẹ̀ pé àwọn ń lò ó, ẹ dẹ̀ mọ̀ pé mímákì yàtọ̀ sí kéèyàn dúró kà á.

WHO gbà kẹ́ ẹ fi tiyín kún un, ṣùgbọ́n ẹ má fi kún un títí táá fi di ojú ewé mẹ́ta o, kò sẹ́ni tó máa kà á mọ́.

Mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀kan tí mo yọ, ìgbà kẹta ló fà á, èmi ṣì ń ka iye gọ́ọ̀sì (aṣọ tá a fi ń nu ẹ̀jẹ̀) àti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kí ìkankan má bàa ṣẹ́ kù sínú aláìsàn, dókítà ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti ń lọ.