Lọ́yà tó bá mi ra ilẹ̀ ní Ìkòròdù: bó ṣe ṣiṣẹ́ fún mi

Ọdún 2019 ni mo kọ́kọ́ ra ilẹ̀, lọ́nà Ìkòròdù. Lọ́yà ẹni tó ń ta ilẹ̀ ló kọ gbogbo ìwé, èmi ni wọ́n sì gba owó àgírímẹ́ǹtì lọ́wọ́ mi, ni mo bá rò pé lọ́yà tèmi náà ni. Oṣù mẹ́fà ò tíì pé tí àwọn ọmọ ìyá mìíràn nínú ẹbí yẹn fi dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri tí mo mọ yí ilẹ̀ ká pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Nígbà tí mo sáré lọ bá lọ́yà, ó ní èmi kọ́ ni mo gbé iṣẹ́ fún òun. Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tún owó mìíràn kó jọ.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi máa gùn díẹ̀. Lọ́dún 2023, ẹnì kan tí a jọ ń ṣe tíṣà júwe lọ́yà kan fún mi ní Ìkẹjà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò tiẹ̀ tíì béèrè iye owó tó wà lọ́wọ́ mi tó fi ní, "Mà, ìyàwó mélòó ni bàbá tó ni ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà yìí fẹ́?" Mi ò mọ̀. Ó fa bébà kan yọ, ó ya igi mẹ́ta sí i. Ó ní ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ìdí-igi kan, gbogbo ìdí-igi ló sì ní ìpín nínú ilẹ̀ ẹbí, àtọkùnrin àtobìnrin wọn. Tí wọ́n bá ta ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí ò sí níbẹ̀, òfo ni títà ọ̀hún lójú òfin. Tó bá sì jẹ́ olórí ẹbí ló dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ìdí-igi yòókù ṣe, wọ́n lè gba kóòtù lọ, kí kóòtù fagi lé e. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo igi mẹ́ta yẹn. Ọmọ ìdí-igi kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí ìwé mi ti 2019.

Kò jẹ́ kí n ra ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo mú wá. Sọ́fè ilẹ̀ náà, ìyẹn ìwé àwòrán ìwọ̀n rẹ̀, dùn ún wò, ó ní òǹtẹ̀, ó ní nọ́ńbà pílà, mi ò bá sì ti sanwó. Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sọ́fíyọ̀-Jẹ́nẹ́rà, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba, ní Aláùsá, wọ́n gbé e lé máàpù, ni wọ́n bá rí i pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo agbègbè yẹn. Sọ́fíyọ̀ tó wọn ilẹ̀ ọ̀hún ò sì fi rẹ́ẹ̀dì kọ́pì, ìyẹn ẹ̀dà sọ́fè tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ìjọba, sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn rárá. 60,000 náírà ni mo san fún àyẹ̀wò yẹn. Nínú gbogbo owó tí mo ná, òun ló dùn mọ́ mi jù.

Ilẹ̀ kejì ni a rà. Èjẹ́ńtì fẹ́ ká fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì òun, lọ́yà mi kọ̀, ó ní inú agbolé wọn la ti máa ṣe é, kí ojú gbogbo wọn tó o. Olórí ẹbí jókòó, ìdí-igi mẹ́ta sì mú àgbà kọ̀ọ̀kan wá. Ìyá àgbà kan ló ṣojú ìdí-igi kẹta, kò mọ̀wé. Lọ́yà lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó ń ka ìwé náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ìlà-ìlà. Nígbà tó dé ibi ìwọ̀n ilẹ̀, màmá gbé ọwọ́ sókè. "Ọmọ mi, dúró ná. Tún ibẹ̀ yẹn kà." Ó tún un kà. Màmá ní, "Pulọ́ọ̀tì kan la jọ sọ, ibo ni àbọ̀ ti wọ̀ ọ́?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Èjẹ́ńtì ló ti fi àbọ̀ kún un nínú sọ́fè.

Lọ́yà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ká ìwé rẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olórí ẹbí, a padà sílé. Nígbà tí a fi máa padà débẹ̀, wọ́n ti tún sọ́fè ṣe, owó sì ti kúrò ní 9 mílíọ̀nù, ó di 6 mílíọ̀nù. Ó tún un kà fún màmá láti òkè délẹ̀. Màmá ti àtàńpàkò bọ íńkì, ó tẹ̀ ẹ́ síwèé, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka, torí òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 5% iye ilẹ̀, ìyẹn 300,000 náírà. Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá kò wọ́n jù, pé ṣebí èjẹ́ńtì náà lè kọ àgírímẹ́ǹtì. Òfin ò fàyè gba ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láti máa gbowó lórí kíkọ ìwé ilẹ̀. Wọ́n tún ń béèrè bí a ṣe ń dá lọ́yà gidi mọ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí Kóòtù Gíga Jùlọ fún un nígbà tó di lọ́yà, kí ẹ sì wo ìwé yín bóyá òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, wà lára rẹ̀, kí orúkọ inú òǹtẹ̀ sì bá tẹni tó jókòó síwájú yín mu.

Ó níbi tó kù sí o, mi ò ní bò ó. Kì í gbé ìpè. Ọjọ́ mẹ́wàá ló dá fún mi lórí àyẹ̀wò Aláùsá, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà, kò sì pè mí lẹ́ẹ̀kan láti sọ ohun tó fà á. Èyí tó dùn mí jù ni ti kọ́ńsẹ́ǹtì Gómìnà, ìyẹn àṣẹ tí gómìnà ń fi sí títà ilẹ̀, èyí tí Òfin Ilẹ̀ ti 1978 là sílẹ̀. Mo rò pé ó wà nínú 300,000. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti fọwọ́ síwèé tán ló tó sọ pé owó ọ̀tọ̀ ni, ti ìjọba lọ́tọ̀, ti òun náà lọ́tọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ń yàwòrán igi fún mi ló yẹ kó ti sọ ọ́. Fáìlì yẹn ṣì wà ní Aláùsá títí di òní.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kan wá gba owó fáńdéṣọ̀n lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà mi, lẹ́tà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọjọ́ méjì, ó so ẹ̀dà òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 tó lòdì sí irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Wọn ò padà wá mọ́. Ilé ti dé lẹ́ńtù báyìí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ní kí wọ́n lọ. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n gba gbogbo iye owó sílẹ̀ lórí ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i, torí ìyẹn ló máa ń dáhùn.