Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sanwó kọ́ aṣọ rírán àti aṣọ híhun lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó ti kọ́ bí a ṣe ń rán aṣọ ara ẹni, tàbí bí a ṣe ń fi òwú hun ún, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan wà níta tó ń ta ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, lábẹ́ orúkọ tó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, mo sì wà lára àwọn tó ti sanwó fún un. N kò ní kọ orúkọ tó ń jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ síbí, nítorí ó lè ti pa á tì kí ẹ tó kà á tán, ó sì lè jẹ́ pé olóòótọ́ ẹlòmíràn ló ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí orúkọ ló ń pààrọ̀, ọgbọ́n náà kò yí padà.

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 12 ni ó polówó. Ó ní ẹni tí kò di abẹ́rẹ́ mú rí yóò ti rán búláòsì kan àti síkẹ́ẹ̀tì kan, yóò sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ hun súwẹ́tà kan, kí ọ̀sẹ̀ 12 náà tó pé. Ó ní olùkọ́ kan ṣoṣo ni yóò mú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sì ní ẹni tó bá ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ yóò rí àtúnṣe gbà láàárín ọjọ́ 2. Ìlérí ìkẹyìn yìí ló mú mi sanwó. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti dá iṣẹ́ yìí kọ́ rí mọ̀ pé fídíò ọ̀fẹ́ pọ̀ lọ jàra. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ojú ẹni tó mọ iṣẹ́, tí yóò wo aṣọ tí ẹ rán, tí yóò sì sọ fún yín pé ihò apá tí ẹ gé ló kéré jù tí aṣọ fi ń fún yín lábíyá, pé kì í ṣe pé ẹ sanra. Ojú yẹn ni à ń tìtorí rẹ̀ sanwó.

Fídíò aṣọ híhun ni mo kọ́kọ́ ṣí. Nínú ẹ̀kọ́ kìíní, ọwọ́ ọ̀tún ni olùkọ́ fi mú òwú, ó sì ń jù ú yí ẹnu abẹ́rẹ́ ká ní ojú kọ̀ọ̀kan (ojú ni òwú tí a ká bí òrùka sórí abẹ́rẹ́). Mo jókòó tì í, mo ń dá fídíò dúró, mo tún ń jẹ́ kó máa lọ, títí ọwọ́ mi fi mọ́ ọn. Nígbà tí mo dé ẹ̀kọ́ kẹta, ọwọ́ òsì ni òwú wà, ẹnu abẹ́rẹ́ ọ̀tún ló sì ń lọ kó o wá, láìsí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan láti ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà méjèèjì ló dára, àwọn tó mọ aṣọ hun dunjú sì ń lo èyí tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí yóò ṣàdédé fo láti ọ̀kan sí èkejì láì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Mo padà sẹ́yìn, mo wá ń wo ọwọ́ nìkan. Ọwọ́ inú ẹ̀kọ́ kìíní tẹ́ẹ́rẹ́, èékánná rẹ̀ gùn, òrùka fàdákà kan sì wà ní ìka àárín. Ti ẹ̀kọ́ kẹta kúrú, ó ki pọ́pọ́, àpá kékeré kan sì wà lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀kọ́ kẹfà, ọwọ́ ẹlòmíràn pátápátá ni mo tún bá níbẹ̀. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí pé ńṣe ni wọ́n gba ohùn sílẹ̀ tí wọ́n sì fi bo ohùn ẹni tó ni fídíò, kò sì bá ohun tí ọwọ́ ń ṣe mu: ohùn ń sọ pé kí a hun ojú 2 pọ̀ di ọ̀kan, ọwọ́ sì ń dá ojú tuntun kún èyí tó wà nílẹ̀. Ní igun ìsàlẹ̀ fídíò, lápá òsì, ibì kan ṣú bàìbàì bí ẹni pé wọ́n fi omi pa á. Orúkọ ẹni tó ni fídíò gan-an ni wọ́n nù kúrò níbẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló kàn mí nípa ẹni tó ni fídíò, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ó kàn mí, nítorí ẹ̀kọ́ tí a já lọ́dọ̀ olùkọ́ mẹ́ta lẹ́ pọ̀ kì í bára mu, aṣọ ni ó sì ń jìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ pátánù tí wọ́n ń tà, ìyẹn bébà tí a ń tẹ́ lé aṣọ láti fi gé e, ni wọ́n ti fi ààyè ìrán, ìyẹn etí aṣọ tí ojú ìrán yóò jẹ, tó sábà máa ń jẹ́ 1.5 sẹ̀ǹtímítà, kún etí rẹ̀. Àwọn mìíràn, pàápàá ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn aṣọ, kò ní in. Ẹni tó ń rán an ni yóò fi ààyè tirẹ̀ kún un nígbà tó bá ń gé e. Pátánù tí oníjìbìtì yìí fi ránṣẹ́ sí wa jẹ́ irú èyí tí kò ní ààyè ìrán. Fídíò tó so mọ́ ọn, tí òun náà wá láti ibòmíràn, ní kí a gé aṣọ gẹ́lẹ́ lórí ìlà, èmi náà sì gé e gẹ́lẹ́ lórí ìlà. Ojú ìrán 2 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ búláòsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ 1.5 sẹ̀ǹtímítà lára aṣọ iwájú, ó sì jẹ 1.5 lára ti ẹ̀yìn, èyí tó jẹ́ 3. Méjèèjì pọ̀ jẹ́ 6. Aṣọ tó yẹ kí ó jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà yípo àyà wá di 94, a kì í sì í gé aṣọ tán kí a tún rí i lẹ̀ padà.

Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe tí wọ́n ṣèlérí. Ìdáhùn tó wá ni pé, “Ẹ kú iṣẹ́, ó rẹwà gan-an, ẹ máa bá a lọ!” Mo fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́, èyí tí aṣọ ti fún mọ́ àyà débi pé bọ́tìnnì ń ya sọ́tọ̀. Ìdáhùn kan náà ni, kò fi ọ̀rọ̀ kan dín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó rán síìpù rẹ̀ sódì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá síta, rí ìdáhùn yìí kan náà gbà. Ìgbà náà ni mo gbà pé kò sí olùkọ́ kankan níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìbéèrè kan péré ì bá ti tú àṣírí rẹ̀ kí n tó san kọ́bọ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ súwẹ́tà rẹ̀, kò sí ibi tó ti mẹ́nu kan ègé àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ hun aṣọ tó máa wọ̀ ọ́ ní láti kọ́kọ́ hun ègé kékeré kan pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́ tó fẹ́ lò, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó tẹ́ ẹ gbẹ, kí ó wá ka iye ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Bí pátánù ìhunṣọ, ìyẹn ìwé ìlànà tí a ń tẹ̀ lé láti hun aṣọ, bá ní kí ojú 22 wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, súwẹ́tà tó jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà yípo yóò gba ojú 220. Bí ọwọ́ yín bá wá rọ̀, tó jẹ́ ojú 20 ni ẹ̀ ń rí nínú sẹ̀ǹtímítà 10 náà, ojú 220 yẹn yóò fún yín ní aṣọ 110 sẹ̀ǹtímítà, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi hun ún tán. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀kọ́ aṣọ híhun, ẹ kọ̀wé sí olùkọ́, kí ẹ bi í pé: “Pátánù ní ojú 22, èmi ń rí 20, kí ni kí n ṣe?” Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò sọ fún yín, kò sì ní gùn ju ìlà méjì lọ, pé kí ẹ mú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín ju èyí tó wà lọ́wọ́ yín lọ, kí ẹ sì tún ègé náà hun. Lẹ́yìn tí ojú mi là, mo gba orúkọ mìíràn wọlé, mo sì bi oníjìbìtì náà ní ìbéèrè yìí. Ó ní kí n wọ kíláàsì ná, pé gbogbo rẹ̀ ni yóò yé mi.

Fún aṣọ rírán, ẹ béèrè irú abẹ́rẹ́ tí ẹ ó fi sínú máṣíìnì bí ó bá jẹ́ aṣọ tó ń nà ni ẹ fẹ́ rán. Idáhùn tó tọ̀nà ni abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó díẹ̀, tó máa ń gba àárín òwú kọjá dípò kí ó dá a lu, nítorí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó lè já òwú aṣọ bẹ́ẹ̀, ó sì lè máa fo ojú ìrán.

Ẹ tún wo àwòrán tí wọ́n fi ń polówó. Súwẹ́tà aláwọ̀ aró kan ni ó ń gbé síwájú, tí okùn híhun ń lọ́ mọ́ra wọn láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn. Nígbà tí mo fà á tóbi lójú fóònù, mo rí i pé okùn kan wọ abẹ́ èkejì ní ẹ̀gbẹ́ apá òsì, kò sì jáde mọ́; ní ọrùn, okùn mẹ́ta di méjì láìsí ìdí. Ẹ̀rọ AI ló ya àwòrán náà, kò sí ẹni tó hun súwẹ́tà yẹn rí. Àwọn àwòrán rẹ̀ mìíràn jẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ kan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kíróṣé, tó sì ń pè é ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ méjì, ìyẹn irú híhun tó ní òun ń kọ́ wa, àṣìṣe tí ẹni tó ti hun ìbọ̀sẹ̀ kan rí kò lè ṣe. Ẹ lè fi Google Lens, irinṣẹ́ Google tó ń fi àwòrán wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá ibi tí àwòrán ti kọ́kọ́ jáde; ibẹ̀ ni mo ti rí méjì nínú àwọn tó ni fídíò. Bí ó bá sì jẹ́ pátánù ìhunṣọ ni wọ́n ń tà fún yín, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí Ravelry, ìkànnì àwọn ahunṣọ tó ti wà láti ọdún 2007, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé àwòrán aṣọ tí wọ́n fi pátánù náà hun sí.

Aago tó ń ka wákàtí sẹ́yìn lójú ìwé rẹ̀, tó ní ẹ̀dínwó ń parí lọ, máa ń bẹ̀rẹ̀ látòkè bí ẹ bá ti tún ojú ìwé náà ṣí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lé yín.

Ní ti owó, ńṣe ló ń fi ẹ̀dínwó sí i fún àwọn tó bá fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àpò rẹ̀ ní báńkì dípò káàdì. Mo fi káàdì san tèmi, báńkì mi sì ti gba ẹ̀sùn mi wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n fi ránṣẹ́ tààrà kò tíì rí ibi kankan dì mú. Bí ẹ bá ti sanwó fún un, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bá a jà. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìlérí rẹ̀, ìwé ẹ̀rí owó, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ, kí ẹ sì pe báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àkókò tí wọ́n fi ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ní òpin. Èmi béèrè owó mi ní gbangba nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó ya àwòrán tán, kò sì tó ìṣẹ́jú 10 tó fi yọ mí kúrò, tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kọ̀wé sí àwọn méjì tó ni fídíò pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ni iṣẹ́ tàbí aṣojú rẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n yọ fídíò tí wọ́n jí kúrò. Ẹni tó ni ọwọ́ olórùka fàdákà ti dá mi lóhùn. Kò mọ̀ rárá pé wọ́n ń fi iṣẹ́ òun pawó.

Ó ti tún dé báyìí pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ẹ̀kọ́ náà sì ti di ti ọ̀sẹ̀ 8, ṣùgbọ́n súwẹ́tà aláwọ̀ aró yẹn kan náà ló wà lójú ewé. Bí ẹ bá rí i, ẹ fa ẹ̀gbẹ́ apá òsì rẹ̀ tóbi, kí ẹ wo ibi tí okùn náà wọlé sí. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi kún èyí tí mo ń kó jọ fún báńkì àti fún àwọn tó ni fídíò.