Ẹ ṣọ́ra o! Súmò mi ò jóná, púlọ́ńbà gbé e lọ, ó sì ta òkú súmò fún mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń wá oníṣẹ́ ọwọ́ tó máa tún nǹkan ṣe nílé yín, ẹ dúró ka èyí ná. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ojú ló ń tì mí. Lálẹ́ àná ni mo wá sọ fún ara mi pé bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn ló kàn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni omi ò yọ nílé wa ní Ìpájà. Mo tan súmò, ẹ̀rọ tó ń fa omi wa, ó ń kùn hùùùn nínú kànga, omi ò gòkè. Kò pẹ́, bíréékà já. Púlọ́ńbà tó máa ń ṣe tiwa ti lọ sílé, ó lọ sìnkú ìyá rẹ̀. Ọkọ mi wà l'Ábújá nídìí iṣẹ́, ó ní kí n ní sùúrù títí ọkùnrin yẹn á fi dé, kí n máa ra omi mẹ́ruwà ná. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọmọ mẹ́rin, ìyá ọkọ tí orúnkún ń dùn, aṣọ ìdọ̀tí tó kún báàfù, kẹ́ẹ̀gì mélòó ni èèyàn fẹ́ rà lójúmọ́? Mo bèèrè lórí WhatsApp àdúgbò wa, ẹnìkan fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́, ó ní ọkùnrin náà mọṣẹ́ gan-an. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tó bi í pé iṣẹ́ wo ló bá a ṣe rí. Ó ní kò ṣiṣẹ́ fún òun rí, ẹlòmíràn ló fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí òun. Ẹ gbà mí o! Ẹ ò mọ èèyàn, ẹ ò rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ wá ń fi í ránṣẹ́ sílé onílé?

Aago mọ́kànlá ló dé. Aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́, ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ọkọ mi. Bí mo bá ti rántí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, inú mi á tún ru. Òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fa páìpù jáde, wọ́n tẹ́ súmò sórí sìmẹ́ńtì, ó fi tẹ́sítà kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí. "Mọ́mì, ó ti jóná pátápátá. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò." Mo tẹ̀ ba, mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹrẹ̀ ni mo gbọ́, ẹrẹ̀ kànga lásán, mo sì dáhùn pé òótọ́ ni. Kí ló dé tí mo fi ní òótọ́ ni? Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ̀. Olùkọ́ ni mí, ọdún 22 ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí, èmi kọ́ ni wọ́n máa ń rí tàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí omi ti wọ́n lójú tiẹ̀ rí ló lè mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó ní ọjà Orílé, lọ́nà Coker, ni òun ti máa ra òmíràn, pé ibẹ̀ ni ohun èlò ti dínwó. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́. Ó ní kí n má wulẹ̀ tẹ̀ lé òun, oòrùn ń mú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ á dá mi lágara. Súmò 1HP (HP ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀) ₦185,000. Àpótí iná rẹ̀ ₦22,000. Owó ọkọ̀ ₦8,000. Owó iṣẹ́ ₦25,000. Ó jẹ́ ₦240,000, mo sì san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan owó iṣẹ́ tí kò tíì ṣe! Orúkọ tó yọ lórí àkáǹtì kì í ṣe orúkọ tó sọ fún mi lẹ́nu géètì. Mo rí i. Mo bi í. Ó ní ti àbúrò òun ni, pé bánkì ti ti tòun pa. Mo sì fi owó ránṣẹ́. Owó àjọ ni o, èyí tí mo kó lóṣù yẹn láti fi san owó ilé ìwé àkọ́bí mi.

Ó tún gbé súmò wa àtijọ́ dání. Ó ní àwọn tó ń ra irin á fún wa ní ₦10,000 lórí rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo bá a wá àpò sìmẹ́ńtì tó fi dì í. Ẹ gbọ́ mi? Èmi fúnra mi.

Aago méje ti kọjá kó tó padà dé. Ilẹ̀ ti ṣú, NEPA ti mú iná. Súmò tó gbé dé ò ní páálí. Ó ní òjò ló ba páálí náà jẹ́ nínú dánfó. Òjò wo? Ẹ̀kán omi kan ò kán sílẹ̀ ní Ìpájà lọ́jọ́ yẹn! Mo tan iná fóònù sí i, ó ń dán yinrin, òórùn ọ̀dà ń jáde lára rẹ̀, mo ṣe bí bí tuntun ṣe ń rùn nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ sí kànga, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, omi tú jáde, àwọn ọmọ hó yè. Mo gbé ìrẹsì àti ẹja fún wọn. Mo tún fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ₦2,000.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó dákẹ́, kò tilẹ̀ kùn. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, ó ní òun wà ní Ṣàgámù. Nígbà tó yá, kò gbé ìpè mi mọ́. Mo fi fóònù ọmọ mi pè é, ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó já a. Látìgbà náà, nọ́ńbà yẹn ò lọ mọ́.

Púlọ́ńbà tiwa ló wá fà á jáde nígbà tó dé. Ó fi bíléèdì ha ara rẹ̀, ọ̀dà fàdákà ń ṣí bí èèpo iṣu, ìpẹtà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bó sítíkà 1HP kúrò, ó bá èyí tí wọ́n fín sára irin gan-an: 0.5HP. Tòkúnbọ̀ tó ti kú tí wọ́n kùn lọ́dà ni! Ìdajì ni wọ́n tà fún mi ní odindi! Kò tíì tán o. Ó lọ sẹ́yìn táǹkì, ó rí àpótí iná wa àtijọ́ tí jàǹdùkú yẹn gbàgbé síbẹ̀, ó tú u. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ti wú lórí bí agolo tòmátò tó ti bàjẹ́. Ó ní kàpásítọ̀ yìí ló ń ti súmò kó tó lè gbéra. Bó bá ti kú, súmò á máa kùn ni, kò ní yí. Èló ni tuntun? ₦4,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà! Súmò mi ò jóná. Kò sí ohun tó ṣe é. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mi ò lè dìde.

Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìkankan nínú wọn mọ́. Kápẹ́ńtà ni o, oníná ni o, gbogbo wọn. Àwọn tó ń kùn òkú ẹ̀rọ lọ́dà tà fún wọn náà, olè ni wọ́n. Púlọ́ńbà tiwa ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ mo dúró tì í, mò ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó rí i pé mò ń ṣọ́ òun. Kò sọ nǹkan kan, ojú sì gbà mí tì.

Wọ́n ní kí n lọ fẹjọ́ sun LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà nípìínlẹ̀ Èkó. Rísíìtì wo ni màá mú lọ? Àdírẹ́sì wo? Orúkọ "àbúrò" tí mi ò rí rí nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Màá lọ náà ṣá.

Kí n tó gbàgbé: ẹ má jẹ́ kí ohun èlò àtijọ́ kúrò nílé yín. Ẹ tẹ̀ lé wọn dé ọjà, ẹ gba rísíìtì ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ kàpásítọ̀ wò kí wọ́n tó fa nǹkan kan jáde. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni kí ẹ sanwó iṣẹ́. Ẹ bèèrè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìwé trade test, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, bó bá ní. Bí orúkọ àkáǹtì bá yàtọ̀, ẹ má fi owó ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mo tún bẹ̀ yín. Ọkọ mi fi ìṣó kọ 2019 sí ìdí súmò wa lọ́dún tí a rà á, nọ́ńbà 9 rẹ̀ wọ́ lápá òsì. Wọ́n ti lè kùn ún lọ́dà báyìí, kí wọ́n máa tà á kiri bíi tuntun. Bí púlọ́ńbà bá gbé súmò tí kò ní páálí wá fún yín, ẹ fi èékánná ha ìdí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí 2019, tèmi ni. Ẹ má jẹ́ kó gbé e jáde.